Bí Ará Abẹ́òkúta Ṣe Lè Yan Etíkun ní Erékùṣù São Tomé

Láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta aṣọ àdìrẹ ní Ìtòkú ti ti São Tomé dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn ń bi wá: nínú gbogbo etíkun tí ó wà níbẹ̀, èwo ni ó dára jù? Mo ti dá a lóhùn ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí n tó rí i pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ni kò pé. Etíkun tí ó tẹ́ ẹni tí ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ́rùn kì í ṣe èyí tí ẹni tí ó fẹ́ rí ìjàpá òkun lóru yóò wá lọ, èyí tí àwòrán rẹ̀ sì rẹwà jù lórí fóònù lè jẹ́ èyí tí omi rẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ. Nítorí náà, bí a ṣe ń yàn ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, láti ìgbà tí ènìyàn bá ṣì jókòó sílé ní Abẹ́òkúta títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan omi. Òkúta ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, nítorí pé ní erékùṣù tí òkè ayọnáyèéfín bí, òkúta ni ó ń pinnu irú iyanrìn tí ẹ ó tẹ̀, bí omi yóò ṣe mọ́ tó, àti ibi tí ìgbì yóò ti máa bú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òkúta ibẹ̀

Erékùṣù ńlá méjì ni orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, wọ́n sì wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù ìlà-oòrùn Èkó. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Abẹ́òkúta lọ sí São Tomé, kò ní fò tó 900 kìlómítà, èyí tí kò tó Abẹ́òkúta sí Maiduguri. Gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà kò ju bí 1,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan fi ìlọ́po tí ó lé ní 15 tóbi jù ú. Síbẹ̀, Pico de São Tomé, òkè tí ó ga jù níbẹ̀, ga tó 2,024 mítà, nítorí pé orí òkè ni erékùṣù náà jẹ́, ìdí òkè ọ̀hún sì wà ní ìsàlẹ̀ òkun. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n tò láti Annobón wá sí São Tomé, Príncipe àti Bioko, títí wọ́n fi gun ilẹ̀ ní Òkè Kamẹrúùnù, èyí tí ó tún yọ iná ní 1999 àti 2000. Ti São Tomé ti sùn tipẹ́; kò sí àkọsílẹ̀ pé ó yọ iná láti ìgbà tí ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè èyí kí ó tó san owó ọkọ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ènìyàn béèrè rẹ̀.

Òkúta Olúmọ àti òkúta São Tomé kì í ṣe ọmọ ìyá. Akọ òkúta ni Olúmọ, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti tutù díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ráyè di oníhóró ńláńlá tí ń dán yinrinyinrin bí oòrùn bá ta sí i, kí òjò àti afẹ́fẹ́ tó wá ká ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò. Ti São Tomé ṣàn jáde bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó pàdé afẹ́fẹ́ àti omi òkun, ó sì gan lójijì. Ìdí nìyẹn tí ó fi dúdú, tí ó fi kúnná, tí ojú lásán kò fi lè rí hóró rẹ̀. Níbi tí ó ti ṣàn wọ inú òkun, ó na ara rẹ̀ síta bí ìka ọwọ́, àárín ìka kan sí èkejì sì ni àwọn etíkun kéékèèké wà. Etíkun Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn gbọọrọ ni, kò sí òkúta tí ó dá ìgbì dúró, ẹni tí ó bá sì ti fi ojú Èkó wo òkun yóò ṣi São Tomé mọ̀.

Ohun tí ẹ ó máa fi èyí ṣe ni pé kí ẹ wo iyanrìn kí ẹ tó wo omi. Iyanrìn dúdú jẹ́ òkúta ayọnáyèéfín tí ìgbì ti lọ̀. Ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru mọ́ra, ẹni tí ó bá bọ́ bàtà lórí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan yóò sáré lọ sínú omi láìròtẹ́lẹ̀. Iyanrìn tí ó funfun tàbí tí ó pọ́n díẹ̀ bí gàrí aláyìn-ín jẹ́ ìkarahun àti iyùn tí òkun lọ̀, bí ẹ bá sì rí i, ohun abẹ̀mí pọ̀ nínú omi tí ó wà nítòsí. Níbi tí kò bá sí iyanrìn rárá, tí ó jẹ́ pé òkúta wẹẹrẹ ni ó tò síbẹ̀, ẹ má ṣe kọjá lọ, nítorí pé kò sí iyanrìn tí ìgbì yóò rú sókè, omi irú ibẹ̀ ni ó sì máa ń mọ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan oṣù kí ẹ tó yan etíkun

Ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò bá tiwa mu. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi ní Abẹ́òkúta, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ni tiwọn gbẹ, wọ́n sì ń pè é ní gravana. Kí ẹ má ṣe rò pé oòrùn yóò máa ràn gan-an ní àsìkò yìí. Ojú ọ̀run máa ń ṣú láìrọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ooru sì dínkù. Ó dára fún rírìn, ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ rí ẹja àbùùbùtán tí ń kọjá nínú òkun láti bí oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù karùn-ún ni òjò ń rọ̀, àmọ́ ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, àwọn ni wọ́n ń pe ìyẹn ní gravanita. Bí ẹ bá bi mí, oṣù kìíní ni n ó mú: ọyẹ́ ń gbẹ ètè àwọn ará ilé ní Abẹ́òkúta, oòrùn ń ràn níbẹ̀, àwọn ìjàpá òkun sì ń gòkè wá yé ẹyin.

Ohun kejì tí ó so mọ́ oṣù ni ìhà tí etíkun kọjú sí. Láti gúúsù ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá, òkè gíga àárín erékùṣù ni ó sì ń kọ́kọ́ dá a dúró; gúúsù ń rọ òjò tí ó pọ̀ ní ìlọ́po méje sí ti àríwá ìlà-oòrùn. Nítorí náà, igbó kìjikìji ni gúúsù, ṣùgbọ́n àríwá gbẹ, koríko ibẹ̀ pupa, igi oṣè sì dúró níbẹ̀ bí ẹni pé Ọ̀yọ́ Ilé ni. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ní gúúsù, ẹ yí ọkọ̀ padà sí àríwá, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá oòrùn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé, owó àti ọ̀nà

Èyí kò pẹ́ sọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Orílẹ̀-èdè yìí kò sí nínú ECOWAS. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ó wà. Ìwé ìrìnnà tí a fi ń wọ Kútọnu àti Lomé láìsí wàhálà kì í ṣe àṣẹ láti wọ ibẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè nípa físà lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú yẹ́lò káàdì tí ó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ibà lásán náà wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bá a jà púpọ̀, ẹ lọ rí dókítà nípa oògùn tí ẹ ó lò, kí ẹ sì mú àwọ̀n ẹ̀fọn dání.

Owó wọn ni dobra. Láti 2010 ni wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, ní 2018 wọ́n sì gé òdo mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, tí yúrò 1 fi jẹ́ dobra 24.5 láìyẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ iye tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í bóyá owó àtijọ́ ni ó fi ṣírò. Náírà kò wúlò níbẹ̀, káàdì báǹkì ilẹ̀ òkèèrè kì í sì í ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Yúrò lọ́wọ́ ni kí ẹ mú lọ, kí ó jẹ́ owó tí kò ya tí kò sì rún.

Láti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Láderin ni mo fara mọ́ ju mọ́tò Kútọ̀ lọ. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Agége, kí ẹ wọ mọ́tò kékeré lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Bí bàálù yín bá jẹ́ ti òwúrọ̀, ẹ sùn sí Èkó. Tí ẹ bá dé, ẹ fi wákàtí kan dín aago yín kù, kí ẹ sì fi èyí sọ́kàn dáadáa: nítorí pé ìlà agbedeméjì ayé gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ń ṣú ní bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ jálẹ̀ ọdún, kì í sì í pẹ́ rárá láàárín ìgbà tí oòrùn wọ̀ sí ìgbà tí òkùnkùn kùn. Ẹni tí ó bá ń ṣe bí ẹni pé ó ní ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje yóò bá ara rẹ̀ nínú igbó láìsí iná.

Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lú èdè abínibí bíi Forro. Kíkí ṣe pàtàkì fún wọn bí ó ti ṣe pàtàkì fún wa. Ẹ kí wọn ní "bom dia" kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Gbólóhùn kan tí ẹ ó gbọ́ ní gbogbo ìgbà ni "leve leve", ìyẹn ni pé kí a máa ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Awakọ̀ wa sọ ọ́ nígbà tí táyà jò, ó tún sọ ọ́ nígbà tí ó fi wákàtí kan pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi àríwá bẹ̀rẹ̀

Ìlú São Tomé, olú-ìlú, ni kí ẹ kọ́kọ́ dé sí, kí ẹ sì fi ọjọ́ kìíní tàbí kejì lọ sí àríwá, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ kúrú, omi rẹ̀ sì ń ṣojúure sí ẹni tí kò tíì mọ òkun. Lagoa Azul, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀sà aláwọ̀ ojú ọ̀run, kò ju bí 20 kìlómítà lọ. Òkúta wẹẹrẹ ni ó wà ní etí rẹ̀, òkè kékeré kan fi apá gbá a mọ́ra, igi oṣè sì dúró lókè. Ẹ wọ bàtà rọ́bà wọ inú omi, ẹ lo awò omi, kí ẹ dojú bolẹ̀ kí ẹ sì máa wo ẹja aláràbarà lábẹ́ yín. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: ohun abẹ̀mí kékeré dúdú kan tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ bí òòrẹ̀, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ pàlàpálá òkúta. Ẹ̀gún rẹ̀ máa ń kán sínú ẹran ara. Ẹ má fi ọwọ́ di òkúta tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀.

Praia dos Tamarindos kò jìnnà síbẹ̀. "Praia" ni etíkun lédè wọn, àjàgbọn sì ni igi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Iyanrìn ibẹ̀ mọ́, ìbòòji wà, omi rẹ̀ kì í jin lójijì. Ẹni tí ó bá kó ọmọdé dání, ibẹ̀ ni kí ó jókòó sí. Praia das Conchas, etíkun àwọn ìkarahun, wà ní agbègbè kan náà. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ará olú-ìlú máa ń wá pẹ̀lú oúnjẹ àti orin, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́, ẹ wá ní ọjọ́ iṣẹ́.

Bí ẹ bá ń padà, ẹ ó kọjá nítòsí Fernão Dias. Kì í ṣe ibi ìwẹ̀. Ní 1953, lẹ́yìn ìpakúpa Batepá tí àwọn amúnisìn Potogí ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti fi ipá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń ju òkú sínú òkun. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni wọ́n ń rántí wọn lọ́dọọdún. Ẹ bọ́ fìlà, kí ẹ dúró díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó wọ̀ ọ́

Ọ̀nà ìlà-oòrùn tí ó lọ sí gúúsù gba Praia Sete Ondas kọjá, etíkun ìgbì méje. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí n ó sọ yìí. Iyanrìn rẹ̀ dúdú, ìgbì rẹ̀ ń tò tẹ̀lé ara wọn láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi pátákó gun ìgbì fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ti rí àwòrán rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo rí ibì kan láàárín ìgbì méjì tí omi ti parọ́rọ́, mo ní ibẹ̀ ni ó rọrùn láti wọ̀. Omi náà gbé mi kúrò lẹ́sẹ̀ kí n tó rìn tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Apẹja kan tí ó dúró létí omi ni ó ń fi ọwọ́ júwe pé kí n yà sí ẹ̀gbẹ́, mo yà, iyanrìn sì tún kan mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé oúnjẹ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Omi tí ìgbì gbé wá sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ibi tí ó jin láti gbà padà. Níbi tí ó ń gbà, ìgbì kì í bú, omi máa ń dúdú díẹ̀, ìfófòó sì ń sá lọ sójú agbami dípò kí ó máa bọ̀ wá sílẹ̀. Ibi tí ó rí bí ẹni pé ó rọ̀ jù ni ọ̀nà náà. Bí ó bá gbé yín, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì dojú kọ ilẹ̀ tààrà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa bá etí ilẹ̀ lọ lọ́gbọọgba títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó yí sí ilẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀yìn lé omi, kí ẹ kọjú sókè kí ẹ sì léfòó, kí ẹ na ọwọ́ sókè. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ibẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tí ó jókòó tí ń wo àwọn olúwẹ̀ẹ́.

Àwa tí a dàgbà létí odò Ògùn máa ń rò pé ẹni tí ó bá mọ odò mọ òkun. Odò ní ọ̀nà kan tí ó ń ṣàn sí. Òkun ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì tún ń yà. Yemọja pàápàá, tí ó jẹ́ ti odò Ògùn lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí ó dé Brazil ni wọ́n sọ ọ́ di ti òkun.

Ní ọ̀nà kan náà, nítòsí Água Izé, ni Boca do Inferno wà, níbi tí ìgbì ń gba inú ihò òkúta dúdú wọlé tí ó sì ń tú yàà sókè. Wíwò ni ti ibẹ̀. Ẹ má ṣe sún mọ́ etí òkúta tí ó tutù. Bí ó bá tutù, ìgbì ti dé ibẹ̀ rí, yóò sì tún dé ibẹ̀. Praia Micondó náà wà lójú ọ̀nà ìlà-oòrùn yìí. Micondó ni wọ́n ń pe igi oṣè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gúúsù, tí ó yẹ kí ẹ sun oorun méjì sí, ó kéré tán

Bí ọjọ́ yín bá kéré, ẹ yọ nǹkan mìíràn, ẹ má yọ gúúsù. Láti olú-ìlú dé Porto Alegre lé ní 60 kìlómítà, ṣùgbọ́n ó gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà náà ń wé mọ́ òkè. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù. Ẹ ó kọjá ní São João dos Angolares, ìlú àwọn Angolar tí ìtàn wọn sọ pé ọmọ àwọn ẹrú tí ọkọ̀ wọn rì ní etíkun ni wọ́n, tí wọ́n sì sá wọ igbó kí ẹnikẹ́ni tó mú wọn. Ìtàn náà yóò mọ́ ará Ẹ̀gbá lára, a mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi òkúta àti igbó ṣe odi.

Lẹ́yìn náà, láàárín oko ọ̀pẹ, Pico Cão Grande yóò yọ lójijì. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó nà ró bí ọ̀pá, ó fi ohun tí ó lé ní 300 mítà ga ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ. Ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni: òkúta yíyọ́ gan sínú ọ̀fun náà, òjò wá fọ ara òkè tí ó bò ó lọ, ọ̀fun nìkan ni ó kù. Ẹ dúró fún àwòrán bí kùrukùru kò bá bò ó. Bí ó bá bò ó, ẹ máa lọ, ó lè là nígbà tí ẹ bá ń padà.

Etíkun mẹ́ta tí mo mú ní gúúsù sún mọ́ ara wọn. Praia Inhame ni ó wù mí láti sùn sí, kì í sì í ṣe nítorí pé inhame túmọ̀ sí iṣu nìkan. Iyanrìn rẹ̀ pọ́n, igi àgbọn bò ó, àwọn ilé onígi wà níbẹ̀ fún àlejò, ìgbì rẹ̀ kì í sì í le jù. Ẹ má tẹ́ ẹní sábẹ́ àgbọn tí ó so. Àgbọn kì í kí ni kí ó tó já.

Praia Piscina ni ó rẹwà jù nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí. Òkúta dúdú ya omi sọ́tọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé àgbàlá ni, ìgbì ń bú lẹ́yìn òkúta náà, omi inú rẹ̀ sì parọ́rọ́ tí ó sì mọ́ gaara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní etíkun adágún ìwẹ̀. Àwọn ẹ̀ka òkúta tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn nìkan ni ó dára láti wọ̀ ọ́, nítorí pé bí òkun bá kún, ìgbì a gun orí òkúta wọlé. Ẹ bi àwọn apẹja Porto Alegre ní wákàtí tí òkun yóò fà lọ́jọ́ náà. A kì í mọ ìlú ju onílùú lọ, àwọn apẹja sì mọ̀ ọ́n láìwo aago.

Praia Jalé ni ti òru. Láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni àwọn ìjàpá òkun ń gòkè wá gbẹ́ iyanrìn kí wọ́n sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Kí ẹ má lọ láìsí amọ̀nà láti abúlé. Ìgbésẹ̀ kan láìmọ̀ lè tẹ ẹyin fọ́. Ẹ wọ aṣọ dúdú, ẹ má tan fìtílà funfun, ẹ má lo iná kámẹ́rà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń mú kí ìyá ìjàpá yí padà sínú omi láìyé ẹyin. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe iwájú, títí amọ̀nà yóò fi ní kí ẹ sún mọ́ ọn. A dúró fún ohun tí ó ju wákàtí méjì lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti sùn lórí àdìrẹ rẹ̀, kí ìjàpá kan tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ìfọṣọ tó jáde láti inú ìgbì. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Òkun Jalé le lọ́sàn-án. Ẹ rìn ní etí rẹ̀, ẹ lọ wẹ̀ ní Piscina.

Oúnjẹ gúúsù kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ilé wa: ẹja yíyan, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ọbẹ̀ calulu, tí wọ́n fi epo pupa, ilá, ewé àti ẹja gbígbẹ sè. Ẹ sọ fún ẹni tí yóò se é ní òwúrọ̀ pé ẹ ó jẹun lọ́sàn-án, kí ó tó lọ ra ẹja.

Ìgbésẹ̀ keje: Rolas, bí ọjọ́ bá ṣẹ́ kù

Láti etí gúúsù, ọkọ̀ ojú omi kékeré ń gbé ènìyàn lọ sí Ilhéu das Rolas ní bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Orí erékùṣù kékeré yìí ni ìlà agbedeméjì ayé gbà, òpó kan sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan dúró ní àríwá ayé, kí ó fi èkejì dúró ní gúúsù. Praia Café ni etíkun tí mo fara mọ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ bá a sọ iye owó àlọ àti àbọ̀ papọ̀, kí ẹ sì san ti àbọ̀ nígbà tí ẹ bá padà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Príncipe, fún ẹni tí owó rẹ̀ tó

Bàálù kékeré ń gbé ènìyàn láti São Tomé lọ sí Príncipe ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Príncipe dàgbà ju São Tomé lọ, òjò ti fọ òkè rẹ̀ pẹ́, àwọn etíkun rẹ̀ sì kéré, wọ́n fara sin, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pọ̀. Praia Banana ni gbogbo ayé mọ̀: iyanrìn wúrà tí ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi tí ó mọ́, igi àgbọn tí ó fì sórí omi. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó láti òkè ní Belo Monte, nítorí pé láti òkè ni ìtẹ̀ rẹ̀ ti hàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ sí Praia Boi àti Praia Macaco, tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó wà níbẹ̀. Praia Grande jẹ́ ti ìjàpá òkun. Òfin Jalé ni kí ẹ lò níbẹ̀ náà. Bí òjò bá lé yín kúrò létí omi, ẹ lọ sí Roça Sundy, oko kòkó àtijọ́ níbi tí Arthur Eddington, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wo oòrùn tí òṣùpá bò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1919, láti fi dán ìmọ̀ Einstein nípa ìmọ́lẹ̀ wò.

Láti 2012 ni UNESCO ti fi Príncipe sí ara àwọn agbègbè tí a ń dáàbò bo ẹ̀dá inú wọn. Àwọn ará ibẹ̀ kò fi ṣeré: wọ́n ṣètò kan tí ẹni tí ó bá kó ike omi 50 wá yóò gba ìgò irin kan tí ó lè máa fi bu omi mímọ́. Ẹ mú ìgò tiyín láti ilé, kí ẹ má ra omi oníke.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ kó bọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta òrùka, ẹ̀gbà tàbí òòyà tí a fi igbá ìjàpá òkun ṣe fún yín, ẹ má rà á. Òfin ibẹ̀ lòdì sí i, òfin àgbáyé náà sì lòdì sí i, pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n á ti mú yín. Ẹ fi ìkarahun àti iyanrìn sílẹ̀. Àwọn akọ́lé ti kó iyanrìn púpọ̀ ní àwọn etíkun kan tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òkúta dúdú kan ní Sete Ondas, ó dán, ó wúwo, ó ní yóò ṣe ọmọ ọlọ dáadáa, ó sì fi ẹ̀dùn ọkàn gbé e padà síbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ṣokoléètì àti kọfí wọn kò léèwọ̀, wọ́n sì dára.

Àdìrẹ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ bá mú láti Ìtòkú wúlò ju táwẹ̀lì lọ: ó tètè gbẹ, kì í gbé iyanrìn, ẹ lè tẹ́ ẹ, ẹ lè fi bo orí nígbà tí oòrùn bá mú, ó sì jẹ́ ẹ̀bùn tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe yín dáadáa. A fi ọ̀kan sílẹ̀ fún apẹja Sete Ondas.

Bí ẹ bá lọ sí Príncipe, ẹ má ṣe padà sí São Tomé ní ọjọ́ tí bàálù yín ń lọ sílé. Bí ojú ọjọ́ bá burú, bàálù kékeré náà kì í gbéra, ti ilẹ̀ òkèèrè kò sì ní dúró dè yín. Ẹ fi ọjọ́ kan ṣófo ní olú-ìlú láàárín méjèèjì, kí ẹ lo òwúrọ̀ rẹ̀ ní Lagoa Azul, kí ẹ sì padà wọ ìlú kí aago márùn-ún tó lù.